Wọ́n ní Windows 10 mi ti "kú", kí n lọ sí 11. Ṣé kí n gbà fún wọn?

Ìyá Olùkọ́ (Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo gbé wá lónìí. HP EliteBook 840 G3 ni láptọ́ọ̀pù mi, tòkunbọ̀ tí àbígbẹ̀yìn mi rà fún mi ní 2021 nígbà tí mo fẹ̀yìn tì. Windows 10 ló wà lórí rẹ̀. Ó ti tó bí oṣù mẹ́ta báyìí tó ti ń gbé ìkéde kan jáde tó máa ń bo gbogbo ojú ẹ̀rọ, pé àtìlẹ́yìn Windows 10 ti parí, pé kí n wá nǹkan ṣe. Mo máa ń tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí wọ́n rán mi létí nígbà mìíràn, bí ẹni tó ń lé eṣinṣin.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan láàárín ìgboro torí pé ó ń falẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò tíì ṣí i tán tó ti ní, "Màámi, Windows yín ti kú. Ẹ mú ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún wá, ẹ wá gbé e lọ́la, 11 ni màá fi sí i." Mo ní kó jẹ́ kí n lọ rò ó. Ó wò mí bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń wo aláìsàn tó kọ abẹ́rẹ́.

Iṣẹ́ tí mo ń fi í ṣe ò pọ̀. Ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé, ní Yorùbá tòun ti àmì ohùn (olùkọ́ Yorùbá ni mí, mi ò lè fi àmì sílẹ̀). Ìbéèrè ìdánwò fún ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan tí mo ń bá wọn bójú tó. Zoom pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ mi ní Kánádà. Príńtà mi dàgbà ju Windows 10 fúnra rẹ̀ lọ. Àwòrán ìsìnkú ọkọ mi náà wà nínú ẹ̀rọ yìí, kò sí níbòmíràn.

Ṣé kí n sanwó ni, àbí kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Láńdọ́ọ̀dù Ọ̀bà-Ilé

Ìyá wa, ẹ má dá wọn lóhùn. Windows 7 ni èmi ń lò títí di òní, kò sì sí ohun tó ṣe mí. Owó ni gbogbo wọn ń wá.

Afẹ̀rọjẹun (Oyèmẹkùn, Àkúrẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, ọdún kẹrìnlá rèé. Kí n tètè sọ pé èmi kọ́ ni ẹ gbé e wá bá o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ "kú" yẹn.

Windows yín ò kú. 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025 ni Microsoft ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10, ó lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti jáde. Ohun tí èyí jẹ́ ni pé àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ tó ń wá lóṣooṣù ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ á ṣì máa tàn, Word á máa ṣí, príńtà á máa tẹ̀wé. Bí ilé tí ọdẹ rẹ̀ ti gba ìlú rẹ̀ lọ ni: ògiri ò wó, ilẹ̀kùn ò já, àmọ́ bí olè bá rí ihò tuntun lára fèrèsé, kò sẹ́ni tó máa dí i. Wọn ò sì yéé rí ihò tuntun.

Bàbá Láńdọ́ọ̀dù, ẹ má bínú sí mi. Ní oṣù Èbìbí 2017, nígbà tí WannaCry ń jà, tó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa tó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀, tó fi dé àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlú Ọba, Microsoft ti gbé àtúnṣe rẹ̀ jáde láti oṣù Ẹrẹ́nà. Àwọn tí kò gbà á wọlé ló kó sí i, àwọn tó ń lo Windows 7 ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Windows 7 tiyín, láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020 ni àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ ti tán. Chrome gan-an ti fi í sílẹ̀ láti 2023. Ẹ ní kò sí ohun tó ṣe yín. Bàbá, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í fọ́ àwo kí onílé tó mọ̀ pé ó wọlé.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Bí Windows 10 èèyàn bá jẹ́ ojúlówó, tí ẹ̀rọ rẹ̀ sì kún ojú òṣùwọ̀n, ọ̀fẹ́ ni 11. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, owó iṣẹ́ àti dátà ni. Kò burú, èmi náà ń gba owó iṣẹ́. Ohun tó burú ni pé kò yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹ̀rọ yín lè gbé e kó tó dá iye lé e.

Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Lórí kíbọ́ọ̀dù, ẹ wá bọ́tìnì tó ní àmì fèrèsé, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ R. Àpótí kékeré kan á yọ nísàlẹ̀ lápá òsì. Ẹ kọ winver sínú rẹ̀, ẹ tẹ Enter, yóò sọ irú Windows 10 tó jẹ́. 22H2 la fẹ́ rí. Ẹ tún pe àpótí yẹn, ẹ kọ tpm.msc, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Specification Version sí. TPM nìyẹn, ẹ̀yà ààbò kékeré kan nínú ẹ̀rọ; 2.0 ni 11 ń béèrè. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ kọ msinfo32, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) sí, kí ẹ da ohun tó wà níwájú rẹ̀ kọ síbí fún wa bó ṣe rí gẹ́lẹ́.

Nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i7 yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ i5-8250U, ìran kẹjọ ni. Bó bá jẹ́ i5-10210U, ìran kẹwàá ni. Láti ìran kẹjọ lọ sókè ni Microsoft ń gbà lára Intel, yàtọ̀ sí bíńtín. Ní ti AMD, Ryzen 2000 lọ sókè. Ìyókù ò le: RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́) 4GB, àyè inú dísíkì 64GB. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹni tó bá gbé 11 ka orí RAM 4GB, ojú rẹ̀ á rí tó.

Ẹ ní G3 ni tiyín. Mo ti mọ ohun tí màá rí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ọmọ FUTA

Ẹ kú alẹ́ mà. ThinkPad T470 ni tèmi, ìran keje, Microsoft ní kò yẹ. Mo fi Rufus, ètò kan tó ń gbé Windows sórí fláàṣì, ṣe fláàṣì 16GB, ibì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti máa ń fàmì sí i pé kó má béèrè TPM, kó má béèrè àkáǹtì Microsoft. Kò ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ tí 11 fi jókòó. Oṣù kẹjọ rèé, mò ń kọ kóòdù lórí rẹ̀, mò ń wo bọ́ọ̀lù lórí rẹ̀, wẹ́rẹ́ ló ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè wá bá yín ṣe é ní Ìjàpọ̀. Mi ò ní gba kọ́bọ̀, kí ẹ ṣáà ti se móínmóín sílẹ̀.

Afẹ̀rọjẹun

Àbúrò, o ṣeun, àmọ́ sọ ìyókù. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun ti 11 jáde lọ́dún tó kọjá, ṣé ó wá fúnra rẹ̀?

Ọmọ FUTA

Rárá o, ẹ̀gbọ́n. 25H2 ò dé ọ̀dọ̀ mi, èmi ni mo tún fi fláàṣì gbé e wọlé. Àmọ́ àtúnṣe oṣooṣù ń wọlé ṣá.

Afẹ̀rọjẹun

Ohun tí mo fẹ́ kí màámi gbọ́ nìyẹn. Microsoft fúnra wọn kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tí kò yẹ ò ní ẹ̀tọ́ sí àtúnṣe. Bó bá ń dé lónìí, ojú àánú ni. Àwọn ẹ̀rọ tó ti gbó gan-an, tí processor wọn ò ní ohun tí wọ́n ń pè ní SSE4.2, láti 24H2 ni 11 ò ti tàn lórí wọn rárá. Ìwọ mọ̀ ọ́n ṣe, bó bá bàjẹ́ lónìí, o tún un ṣe lọ́la. Ta ni màámi máa pè ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ Sátidé tí ìwé ìkéde ò tíì jáde?

Bàbá Oníwèé (Oǹdó)

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti ń ka ìran processor bí ẹni ń ka oríkì, kò sì tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba ohun tí ìyá yìí sọ kẹ́yìn. Àwòrán ìsìnkú ọkọ rẹ̀. Kò sí níbòmíràn.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe nílùú Oǹdó níbí. Ní 2021, mo gbé kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù mi fún ẹnì kan kó bá mi fi Windows tuntun sí i. Mo sọ fún un lẹ́ẹ̀mejì pé gbogbo nǹkan mi wà lórí D, apá kejì dísíkì, kó má fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Dádì, mo mọ̀." Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ń pín dísíkì, ó ní àyè C kéré, ó pa méjèèjì rẹ́, ó sọ wọ́n di ọ̀kan. Ó gbé e padà wá fún mi, ó mọ́ tónítóní bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ètò ìsìn òkú, káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìpè ìwúyè, iṣẹ́ ogún ọdún, kò ku ẹyọ kan. Títí di òní, àwọn oníbàárà ṣì ń wá: "Bàbá, ẹ kàn bá wa yí ọdún ibẹ̀ padà, ti ọdún kìíní yẹn náà ni." Màá ní kí wọ́n jókòó, màá tún un tẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, mi ò sì ní sọ ìdí rẹ̀ fún wọn. Mi ò dárúkọ ẹni tó ṣe é. Ó mọ ara rẹ̀.

Nítorí náà mà, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ yẹn, ì báà jẹ́ ọmọ FUTA tàbí ẹ̀ńjìnníà tó ń gbé ojú ọ̀nà Oyèmẹkùn, ẹ ra háàdì dísíkì tó ń dá wà níta, kí ẹ kó gbogbo nǹkan yín sí i. Bí ẹ bá kó o tán, kò tíì parí o. Ẹ yọ ọ́, ẹ gbé e lọ sílé ẹlòmíràn, ẹ tì í bọ ẹ̀rọ tiwọn, kí ẹ ṣí àwòrán mẹ́ta mẹ́rin níbẹ̀. Mo mọ àlùfáà kan tó kó àwọn àmì tó wà lójú ẹ̀rọ rẹ̀ lásán, tó rò pé fáìlì lòun kó. Ọjọ́ tó fẹ́ lò ó ló tó mọ̀ pé àwòrán ilẹ̀kùn lòun gbé, kì í ṣe yàrá. Kí ẹ tún fi ẹ̀dà àwòrán wọ̀nyẹn kan ránṣẹ́ sí Kánádà.

Ní ti príńtà, ẹ ṣọ́ra. Windows 10 tó wà lórí ọ̀kan nínú kọ̀ǹpútà mi, 32-bit ni, irú ti àtijọ́, nítorí príńtà àgbà kan àti ètò ìṣirò kan tó ti wà láti ayé DOS. 11 ò ní 32-bit rárá, dráífà príńtà yẹn ò lè bá wa débẹ̀, ètò ìṣirò yẹn ò sì ní ṣí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára kọ̀ǹpútà náà pátápátá. Ó ń tẹ̀wé, ó ń ṣírò, kì í bá ará ìta sọ̀rọ̀. Fláàṣì oníbàárà ò gbọdọ̀ kàn án. Kọ̀ǹpútà kejì, tó ń lo 11, ni wọ́n ń ti fláàṣì bọ̀, kí n tó mọ ohun tó gbé wá. Ẹ ò mọ irú nǹkan tí àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń kó wá sínú fláàṣì lásìkò tí wọ́n bá ń tẹ iṣẹ́ àṣekágbá.

Ìyá Olùkọ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Bàbá Oǹdó, ẹ bá mi wí dáadáa, ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n sùn. Mo ti ní kí wọ́n bá mi ra dísíkì náà.

Mo ṣe ohun tí ọmọ wa Afẹ̀rọjẹun ní kí n ṣe. Lẹ́ẹ̀kíní, mo tẹ R láìtẹ fèrèsé mọ́lẹ̀, R ogún ló tò sínú ìbéèrè ìdánwò kíláàsì kejì. Lẹ́yìn náà ó gbọ́ràn. Mo rí 22H2. Mo rí 2.0 níbi Specification Version, inú mi dùn. Ohun tó wà níwájú Processor nìyí: i5-6300U. RAM 8GB. Ṣé mo yege?

Afẹ̀rọjẹun

Màámi, i5-6300U, ìran kẹfà. TPM yín yege, processor ló bá wa jẹ́. Ọ̀nà tó tọ́ láti lọ sí 11 ò sí fún ẹ̀rọ yìí. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn, ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé tí ọmọ FUTA gbà ló fẹ́ gbà, kò sì sọ fún yín.

Ẹ má tíì banú jẹ́. Microsoft ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní ESU, àtúnṣe ààbò Windows 10 fún àfikún ọdún kan, ó ń parí ní 13 oṣù Ọ̀wàrà 2026. Wọ́n ń gba ọgbọ̀n dọ́là, tàbí 1,000 póìǹtì Microsoft Rewards. Ọ̀nà kẹta jẹ́ ọ̀fẹ́: kí ẹ wọlé pẹ̀lú àkáǹtì Microsoft, kí ẹ sì gbà kí ẹ̀rọ máa fi ẹ̀dà ètò rẹ̀ pamọ́ síbẹ̀. Èyí tí mo ń ṣe fún àwọn oníbàárà mi nìyẹn. 22H2 ló ń béèrè, ẹ sì ti ní in. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ Update & Security, ẹ wọ Windows Update, ẹ máa rí Enroll now níbẹ̀. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ́kọ́ gba gbogbo àtúnṣe tó ń dúró wọlé, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tàn án padà. Kí ẹ wá kọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé àkáǹtì náà sínú ìwé ajákọ, kì í ṣe sínú ẹ̀rọ kan náà o! Mo ti rí ẹni tó fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú ilé tó wá ti ilẹ̀kùn.

Ìfàlẹ̀ tí ẹ torí rẹ̀ jáde nílé lọ́jọ́ Ẹtì, kò kan 10 kò kan 11. Ẹ jọ̀wọ́, lówùúrọ̀ ọ̀la, bí ẹ bá ń tàn án, ẹ gbé etí sún mọ́ apá ibi tí ọwọ́ yín máa ń sinmi lé. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tó ń dún kìrìkìrì bí eku nínú àjà, háàdì dísíkì onírin tó ń yí ni. Òun ló ń fà yín sẹ́yìn. Ẹ fi SSD, dísíkì tí kì í yí, rọ́pò rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́ta kó tó tàn, á máa tàn kí ẹ tó wá gíláàsì ojú yín rí. Owó yẹn sàn ju owó 11 lọ.

Akọ̀wé Ìsọ̀lọ̀

Mo ti ń retí kí ẹ dé ibí yìí. Ṣé kò sẹ́ni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ Linux, ètò tí èèyàn lè lò dípò Windows?

Láptọ́ọ̀pù mi àtijọ́, Linux Mint ni mo fi sí i. RAM 2GB ni wọ́n ní kó kéré jù, 4GB ni wọ́n ní ó dáa. Ọ̀fẹ́ ni, àtúnṣe rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, kò sì béèrè ìran processor lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé wọ́n lè fi í sórí fláàṣì, kí ẹ tan ẹ̀rọ láti ara fláàṣì yẹn, kí ẹ máa lò ó bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò, láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú dísíkì. Bí kò bá wù yín, ẹ yọ fláàṣì, Windows yín wà níbi tí ẹ fi í sí. Zoom wà fún un. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀.

Ohun tó dà mí láàmú, màá sọ ọ́, torí ó kan yín gan-an. Word ò sí níbẹ̀, LibreOffice ni. Nígbà tí mo ṣí ìwé ìkéde ṣọ́ọ̀ṣì tiwa tí wọ́n ti fi Word tẹ̀ láti ọdún pípẹ́, ẹsẹ̀ abẹ́ ọ dúró sípò rẹ̀, àmọ́ àmì orí rẹ̀ fò lọ sórí lẹ́tà tó tẹ̀lé e. "Ọlọ́run" wá ń dà bí ẹni tí fìlà rẹ̀ wà lórí aládùúgbò. Mo yí fọ́ǹtì rẹ̀ sí Charis SIL, ó jókòó dáadáa. Àmọ́ àwọn ìwé kan wà tí wọ́n fi fọ́ǹtì àtijọ́ tẹ̀, àwọn tí lẹ́tà wọn kì í ṣe lẹ́tà gidi, àwọn yẹn di jágbajàgba pátápátá, àfi kí n tún wọn tẹ̀.

Ìyá Olùkọ́

Háà! Fọ́ǹtì àtijọ́ yẹn ni mo fi tẹ gbogbo ìwé mi títí di 2019. Akọ̀wé, ẹ ṣeun, ẹ jẹ́ kí ti Linux dúró ná.

Mọ́dínà Ọ̀dà Road

Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ sọ̀rọ̀ títí, ẹ ò sọ̀rọ̀ iná.

Tèmi 840 G5 ni, ìran kẹjọ, ó yege. Mo ní mo lè dá ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ torí pé dátà òru pọ́ọ́kú. Bátìrì mi ti di ohun ọ̀ṣọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, bí wáyà bá yọ, ó tán. Ó dé 64 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n mú iná lọ. Òkùnkùn. Mo jókòó síbẹ̀ tí mò ń pe orúkọ Ọlọ́run ní èdè méjì. Nígbà tí iná dé, ó kọ ọ́ síwájú mi pé òun ń yí gbogbo nǹkan padà sí bó ṣe wà, títí di ìdájí ló sì fi ṣe é. Ó padà sí 10, ohunkóhun ò sọnù, àmọ́ gbogbo dátà ọ̀sẹ̀ kan ti lọ. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé e lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi tó ní ìnfátà, mo jẹun níbẹ̀, mo sùn níbẹ̀, ó parí.

Fún àwọn tí ẹ̀rọ wọn bá yẹ, ẹ tún gbọ́ èyí. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fún yín láti padà sí 10 bí 11 ò bá wù yín. Èkejì, lẹ́yìn oṣù kan tí mo ti ń lò ó, mo gba àtúnṣe BIOS (ètò tó ń jí ẹ̀rọ dìde) wọlé, ojú ẹ̀rọ wá di búlúù, ó ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ ìṣí dísíkì wá, nọ́ńbà 48 tó tò tẹ̀léra. Nọ́ńbà 48! Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rọ ti ti dísíkì mi pa fúnra rẹ̀. Ọmọ mi ló bá mi fi fóònù wọ àkáǹtì Microsoft mi, ibẹ̀ la ti rí i. Bí mo bá ti gbàgbé àkáǹtì yẹn ńkọ́? Ẹ tètè wọbẹ̀, ẹ da nọ́ńbà yẹn kọ sílẹ̀.

Afẹ̀rọjẹun

Mọ́dínà, o ṣe iṣẹ́ mi tán. Màá fi ẹyọ kan kún un fún ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ báyìí. Ẹ lè dé ọjà kí ẹ rí 11 tó ń dán gbinrin lójú G3, kí wọ́n ní kí ẹ wò ó, ìgbàlódé ni. Ẹ má wo ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ tẹ msinfo32. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ kí i, ẹ máa lọ. Àwọn bíi 840 G5 àti ThinkPad T480 ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn mi wá, kí wọ́n sì rí i dájú pé 8 ló ṣáájú nọ́ńbà náà, torí a rí G5 mìíràn tó jẹ́ ìran keje.

Kí ẹ tún béèrè bóyá Windows orí rẹ̀ ní ìwé àṣẹ. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ètò ẹ̀bùrú kan ni wọ́n fi jí i ṣiṣẹ́, ètò ẹ̀bùrú yẹn gan-an ló sì máa ń gbé fáírọ́ọ̀sì wọlé. Kí lẹ wá ń gba àtúnṣe ààbò fún?

Bàbá Oníwèé (Oǹdó)

Ìyá Olùkọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án ti kọjá. Àwọn àwòrán yẹn ńkọ́?

Ìyá Olùkọ́

Bàbá wa, ẹ kú àjọṣe. Mo ní kí n parí rẹ̀ kí n tó wá jíṣẹ́ ni.

Mo kó gbogbo rẹ̀ sí dísíkì ìta. Àwòrán 412. Mo gbé e lọ sílé aládùúgbò mi, a ṣí i níbẹ̀, a ò ṣí mẹ́ta mẹ́rin, a wò ó tán ni, a sì sunkún díẹ̀. Àwọn ará Kánádà náà ti gba tiwọn.

Enroll now ò kọ́kọ́ yọ. Mo gba àtúnṣe wọlé, mo pa á, mo tàn án, ó yọ. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìwọlé náà sẹ́yìn ìwé orin mi, ẹ má sọ fún olè. Ìkéde tó máa ń bo ojú ẹ̀rọ mi ò tíì padà wá láti ìgbà náà.

Mo gbé etí sí i bí ẹ ṣe wí. Kìrìkìrì ni lóòótọ́. Ọmọ FUTA wá lọ́jọ́ Sátidé, ó da ohun inú dísíkì àtijọ́ sínú SSD tuntun bó ṣe wà, kò fi 11 sí i, mo jókòó tì í. Ó jẹ móínmóín mẹ́fà. Dísíkì àtijọ́ wà nínú dùrọ́ọ̀ mi, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Príńtà ò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí oṣù Ọ̀wàrà bá ń súnmọ́, àbígbẹ̀yìn mi ní òun máa ra ìran kẹjọ fún mi, mo sì ti kọ msinfo32 sí ọwọ́ rẹ̀.

Ìwé ìkéde àná jáde ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mo ní àkókò láti lọ dirun.

Láńdọ́ọ̀dù Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú oríire, ìyá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ FUTA yẹn, ṣé ó lè dé Ọ̀bà-Ilé? Láti ọjọ́ Ẹtì ni ẹ̀rọ mi ti ń ṣí ojú ìwé tí mi ò pè. Mi ò mọ móínmóín sè o, àmọ́ iṣu wà.